Ọgbọ̀n ọdún níwájú kámẹ́rà kó tó gun orí ìtàgé: ọ̀rọ̀ Dolores del Río

Ọmọ_Alárìnjó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ibí. Ìbéèrè ló gbé mi wá. Lọ́dọ̀ tiwa, orí ìtàgé ni àwọn àgbà òṣèré ti bọ́ sínú fíìmù. Láti 1945 ni Ògúńdé ti ń gbé eré káàkiri, 1979 ló tó ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ti obìnrin Mẹ́síkò tí wọ́n ń pè ní Dolores del Río yìí wá dorí kodò. 1925 ló bẹ̀rẹ̀ fíìmù, kò sì gun orí ìtàgé títí di 1956, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí òkìkí rẹ̀ sì ti kàn ní ilẹ̀ méjì. Kí ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kí ló lé e kúrò ní Hollywood? Àwọn kan ní ohùn rẹ̀ ni kò dára. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u. Ẹ sì sọ ibi tí ẹni tí kò wo iṣẹ́ rẹ̀ rí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí_Sinimá

Ẹ káàbọ̀, Ọmọ_Alárìnjó. Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

María de los Dolores Asúnsolo y López Negrete ni wọ́n bí i, ní ìlú Durango ní àríwá Mẹ́síkò, ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 1904. Asúnsolo ni orúkọ ìdílé bàbá, López Negrete ni ti ìyá. Bí wọ́n ṣe ń tò ó níbẹ̀ nìyẹn, ti bàbá máa ń ṣíwájú. Bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó kọ 1905, 1904 ni kí ẹ mú. Ọ̀gá báǹkì ni bàbá rẹ̀ ní Durango. Ọ̀tẹ̀ ńlá tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1910 ló tú ilé wọn ká: bàbá forí lé Amẹ́ríkà, ìyá mú ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mexico City, ọrọ̀ wọn sì bá ogun lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ìjọ Kátólíìkì ará Faransé ló ti kàwé.

"Del Río" kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀ rárá. Ní 1921, kó tó pé ọmọ ọdún 17, ó fẹ́ Jaime Martínez del Río, ọmọ olówó. Ìdí orúkọ ọkọ yìí ni wọ́n gé kù fún un nígbà tó dé Hollywood.

Ẹni tó mú un débẹ̀ ni Edwin Carewe, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà tó wá sí Mẹ́síkò ní 1925. Ayàwòrán Adolfo Best Maugard ló mú un wá sílé wọn. Ọkọ tẹ dùùrù, ìyàwó jó, Carewe sì ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Hollywood. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dé ibẹ̀. Ipa kékeré ló kó nínú Joanna. Ìwé ìpolówó ní ará Sípéènì ni. Ó kọ̀, ó ní ọmọ Mẹ́síkò ni òun, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ kò wọ́pọ̀ lásìkò náà, torí nínú fíìmù Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, olè tàbí ọ̀mùtí ni ará Mẹ́síkò sábà máa ń jẹ́.

Ẹ wá wo àwọn ipa tó kó láàárín 1926 sí 1929: ọmọbìnrin Faransé nínú What Price Glory?, ọmọ Rọ́ṣíà nínú Resurrection, Carmen ará Sípéènì, Ramona tí ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára rẹ̀, Evangeline ọmọ àwọn Faransé tó tẹ̀dó sí Kánádà. Orílẹ̀-èdè márùn-ún, kò sì sọ̀rọ̀ lédè kankan nínú wọn. Ẹ má gbàgbé èyí o, òun ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà nínú rẹ̀.

BàbáKámẹ́rà

Àǹtí ti sọ òkodoro. Ẹ jẹ́ kí n fi bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kún un.

Nínú sinimá aláìsọ̀rọ̀, káàdì ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀. Wọ́n á ya káàdì tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí, wọ́n á gé e wọ àárín àwòrán. Bí fíìmù bá fẹ́ lọ sí Faransé tàbí Jámánì, wọ́n á yọ káàdì Gẹ̀ẹ́sì kúrò, wọ́n á lẹ ti ìlú náà mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ohùn òṣèré, ì báà jẹ́ ohùn Durango, kò fi di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ramona ti 1928 jẹ́ àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi: ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé ó ti sọnù, àfi ìgbà tí wọ́n rí ẹ̀dà kan ní ilé ìpamọ́ fíìmù ní Prague, pẹ̀lú káàdì èdè Czech nínú rẹ̀. Library of Congress tún un ṣe, wọ́n tún dá ọ̀rọ̀ inú káàdì padà sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi í han gbogbo ayé ní UCLA ní 2014.

Ohun kejì ni irú fíìmù tí wọ́n fi ń ya àwòrán. Fíìmù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kì í rí àwọ̀ pupa. Ohun tó bá pupa, dúdú ló máa bọ́ sí. Ohun tó bá jẹ́ búlúù, funfun ni. Olójú búlúù á dà bí ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ ṣófo, ètè tí wọ́n kùn ní pupa á dúdú bí ẹ̀du. Ojú dúdú àti irun dúdú bíi ti Dolores kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ojú rẹ̀ máa ń hàn kedere láti òkèèrè. Láàárín 1926 sí 1928 ni wọ́n wá ń yí sí fíìmù tó ń rí gbogbo àwọ̀, ìkunjú gbogbo òṣèré ni wọ́n sì ní láti tún bẹ̀rẹ̀. Iná tó ń dún wíwí kò wúlò mọ́ nígbà tí ohùn dé, wọ́n gbé iná gílóòbù wọlé, ooru sì pọ̀ sí i lórí òṣèré.

Akínkanjú_Ẹ̀kọ́

Ṣé ẹ wá ń sọ pé nígbà tí ohùn dé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán?

Àǹtí_Sinimá

Rárá o. Kò tán, ó kàn há ni. Ohùn rẹ̀ dára. Ó kọrin nínú Evangeline ní 1929, fíìmù aláìsọ̀rọ̀ tí wọ́n fi orin sí, ó sì ti kọ orin Ramona lórí rédíò ṣáájú. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ tó ti sọ̀rọ̀ ni The Bad One, 1930. Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀, iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ sì fagi lé ìwé àdéhùn. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Cedric Gibbons ti iléeṣẹ́ fíìmù MGM, ọkùnrin tó ya àwòrán tí wọ́n fi ṣe ère Oscar. Jaime ti kú ní Berlin ní 1928, lẹ́yìn tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ fíìmù RKO, ohùn Mẹ́síkò tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ń ta. Èyí ló há a. Girl of the Rio bí ìjọba Mẹ́síkò nínú débi pé wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Nínú Bird of Paradise, 1932, ọmọ erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ni, ọ̀rọ̀ tó sì sọ kò pọ̀. Nínú Flying Down to Rio, 1933, ọmọ Bràsíl ni, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Ginger Rogers ìkẹrin, Fred Astaire ìkarùn-ún. Àwọn méjèèjì jó pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, orin Carioca, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn méjì yìí dípò rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin ìwà ọmọlúàbí inú fíìmù di mímú ṣẹ gidi; Madame Du Barry tó ṣe fún Warner ni wọ́n gé jáwẹjáwẹ. Obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tó fani mọ́ra nìkan ni wọ́n fẹ́ kó máa ṣe, òfin sì ti sọ pé kó má fani mọ́ra jù. Kí ni ó kù?

Orson Welles, òṣèré àti olùdarí ará Amẹ́ríkà, fi í sínú Journey into Fear, tí wọ́n yà ní 1942. Àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ra, ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Gibbons sì ti tú ká ní 1941. Lẹ́yìn fíìmù yẹn ló kẹ́rù rẹ̀ padà sí Mẹ́síkò.

Wòlíì_Ìròyìn

Wọ́n ní òdòdó ló máa ń jẹ, pé ìdí tí kò fi gbó nìyẹn. Àti pé wákàtí 16 ló fi ń sùn.

Àǹtí_Sinimá

@Wòlíì_Ìròyìn, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ẹni tó ń sùn wákàtí 16, ìgbà wo ló ráyè ṣe fíìmù tó lé ní 50? Àwọn tó ń kọ ìpolówó ló ṣe ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ.

BàbáKámẹ́rà

Ìpadàbọ̀ yìí ni mo ń dúró dè. Ìdí tí ó fi bọ́ sí àkókò kì í ṣe oríire lásán. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, fíìmù tútù tí a ó fi ya àwòrán ti di ọ̀wọ́n. Amẹ́ríkà ló ń pín in. Wọ́n fún Mẹ́síkò tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n fún Argentina ní táṣẹ́rẹ́. Báǹkì tí yóò máa yá àwọn onífíìmù lówó sì ṣí ní Mẹ́síkò ní 1942. Owó wà, fíìmù wà, ọjà gbogbo ilẹ̀ tó ń sọ èdè Sípéènì sì ṣí sílẹ̀.

Ikọ̀ tó bọ́ sí ọwọ́ wọn nìyí: Emilio Fernández olùdarí, Mauricio Magdaleno tó ń kọ ọ̀rọ̀, Gabriel Figueroa nídìí kámẹ́rà, Gloria Schoemann tó ń gé fíìmù, Pedro Armendáriz tó ń ṣe ọkọ. Flor silvestre, 1943, ni àkọ́kọ́. Fíìmù àkọ́kọ́ tó ṣe lédè abínibí rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn ọdún 18 nídìí iṣẹ́. María Candelaria tẹ̀ lé e. Xochimilco ni wọ́n ti yà á, ìlú odò tóóró àti oko orí omi tó wà ní gúúsù Mexico City. Obìnrin tó ń ta òdòdó, tí ará ìlú kórìíra nítorí ìwà ìyá rẹ̀, ló ṣe níbẹ̀: irun dídì, ṣọ́ọ̀lì, ẹsẹ̀ lásán. Ẹni tó ti wọ aṣọ Paris fún ogún ọdún! Ní Cannes 1946, fíìmù náà wà lára 11 tó pín ẹ̀bùn ńlá, Figueroa sì gba ti àwòrán.

Ẹ wo ojú ọ̀run inú fíìmù yẹn, bó ṣe dúdú tí ìkùukùu sì funfun. Fílítà ló ṣe é. Bí ẹ bá fi gíláàsì pupa bo lẹ́ǹsì nígbà tí ẹ ń ya dúdú-àti-funfun, búlúù ojú ọ̀run kò ní ráyè wọlé, á dúdú. Àmọ́ ó ní ohun tó ń gbà. Fílítà pupa gidi á jẹ ìmọ́lẹ̀ dé ìlọ́po 8, ìyẹn ni pé ẹ ó ṣí lẹ́ǹsì ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta: bí oòrùn bá ní kí ẹ lo f/11, f/4 ni ẹ ó bá ara yín (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó). Ní f/4, ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yóò ti ń ṣú bàìbàì, bẹ́ẹ̀ ohun tí Figueroa fẹ́ràn jù ni kí òdòdó tó wà níwájú àti òkè tó wà lẹ́yìn jọ mọ́ kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ Gregg Toland, ayàwòrán fíìmù ará Amẹ́ríkà, ló ti kọ́ ìyẹn. Nítorí náà oòrùn tó mú hanhan nìkan ló lè ṣe méjèèjì pọ̀. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, wọ́n á jókòó dè é.

Ìjàm̀bá kejì wà lára òṣèré. Fílítà pupa máa ń fọ àwọ̀ ara funfun, ètè á sì pòórá lójú. Ẹni tó ń ṣe ìkunjú gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú ju ti ojoojúmọ́ lọ kun ètè, kó sì mú kí ìpìlẹ̀ ojú ṣú sí i. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rí òṣèré tí kò ní ẹnu.

Ọmọ_Alárìnjó

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Nípa La otra ńkọ́, tó ti ṣe ìbejì? Báwo ni wọ́n ṣe ń mú kí ẹnì kan bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà?

BàbáKámẹ́rà

La otra, 1946, Roberto Gavaldón ló darí rẹ̀, Alex Phillips ló ya àwòrán. María jẹ́ tálákà tó ń tún èékánná ṣe, Magdalena ìbejì rẹ̀ jẹ́ opó olówó. María pa á, ó sì wọ ayé rẹ̀. Hollywood tún ìtàn kan náà yà ní 1964, Bette Davis ló ṣe é.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ ìbejì máa ń gbà lásìkò yẹn rèé. Wọ́n á kan kámẹ́rà mọ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ mì rárá. Wọ́n á fi páálí dúdú bo ìdajì lẹ́ǹsì, wọ́n á ya òṣèré lápá òsì, ẹnì kan á sì máa kọ iye àwòrán tó ti kọjá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á bo lẹ́ǹsì pátápátá, wọ́n á yí fíìmù padà sẹ́yìn dé orí iye tí wọ́n kọ, wọ́n á gbé páálí sí ìdajì kejì. Òṣèré á lọ pààrọ̀ aṣọ àti irun, á wá dúró lápá ọ̀tún, wọ́n á tún fíìmù kan náà yà. Ọ̀rọ̀ tó sọ lápá kìíní, ẹlòmíràn á máa kà á sí i létí láti ẹ̀yìn kámẹ́rà kó lè fèsì lásìkò.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: bí ilẹ̀ bá mì díẹ̀, ilà á hàn láàárín. Bí ọwọ́ bá kọjá ààlà, ìka á gé. Bí òjìji ẹni òsì bá bọ́ sápá ọ̀tún, kò ní sí níbẹ̀. Bí iná bá yí padà láàárín wákàtí tó fi ń múra, apá kan á mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fi máa ń jẹ́ inú ilé, kì í ṣe ìta gbangba. Ààlà ni wọ́n sábà máa ń fi pamọ́ sí etí ilẹ̀kùn tàbí òpó. Bí ọ̀kan bá sì kẹ̀yìn sí wa, obìnrin mìíràn tó jọ ọ́ nídùúró ni, ẹ má jẹ́ kó tàn yín.

Iṣẹ́ òṣèré nínú èyí le ju bó ṣe rí lọ. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró síbi tí ojú ẹnì kejì máa wà, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń wò.

Tánwà_Ìtàgé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ìtàgé wàyí, torí ibẹ̀ ni ìwé púpọ̀ ti ń sáré kọjá.

Títí di 1954, Dolores ti gba Ariel mẹ́ta, ẹ̀bùn tó ga jù fún fíìmù ní Mẹ́síkò: ti Las abandonadas, ti Doña Perfecta, ti El niño y la niebla. Las abandonadas yìí náà, àwọn ológun bínú sí i, wọ́n dá a dúró títí di 1945 nítorí pé olè tó wọ aṣọ ọ̀gágun wà nínú rẹ̀. Ní 1954, wọ́n pè é sí Hollywood láti wá ṣe ìyàwó Spencer Tracy nínú Broken Lance. Ìjọba Amẹ́ríkà kò fún un ní físà. Àsìkò tí wọ́n ń lépa ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jẹ́ kọ́múníìsì ni, wọ́n sì ní ó ń bá wọn rìn. Katy Jurado, ọmọ Mẹ́síkò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló gba ipa náà, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún Oscar.

Ìgbà tí wọ́n wá jẹ́ kó wọlé ní 1956, kò gba ti fíìmù lọ. Falmouth ní Massachusetts ló lọ, ó ṣe Anastasia níbẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo bó ṣe gbọ́n nínú ohun tó yàn. Obìnrin inú eré yẹn wà ní Berlin, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́, wọ́n ń wádìí bóyá ọmọ ọba Rọ́ṣíà ni. Àlejò ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn tó há a mọ́ ní Hollywood, ohun tí eré náà ń wá gan-an ni. Eré inú ilé ni pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé e ró, kò ní ijó tàbí ìjà. Irú ilé eré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀ kì í tóbi, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe eré kan kí wọ́n tó gbé òmíràn wọlé. Bí ó bá bàjẹ́, ariwo rẹ̀ kò ní dé New York. Ẹni tó fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Kó tó gun un, ó lọ bá Stella Adler, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ òṣèré tó lórúkọ jù ní New York. Kí ni òṣèré fíìmù tún ń kọ́? Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú rẹ̀. Fíìmù kì í tẹ̀ lé ìtàn: wọ́n lè ya ikú lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n ya ìgbéyàwó lọ́jọ́ Ẹtì. Ìṣẹ́jú kan, wọ́n gé e. Lórí ìtàgé, wákàtí méjì ni ìbínú á fi máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ ní apá kìíní kò ní nǹkan kan mọ́ ní apá kẹta. Ohùn gbọ́dọ̀ dé ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátá láìpariwo. Láti abẹ́ ìhà ni èémí ti ń wá, kì í ṣe ọ̀fun, ẹni tó bá fi ọ̀fun ṣe é á há kó tó di alẹ́ ọjọ́ kẹta. Èyí tó le jù fún ẹni bíi Dolores ni ojú. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ bí ìpéǹpéjú kan tó gbé sókè á ṣe kún gbogbo ògiri sinimá. Ní ìlà kẹẹ̀dógún nínú gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kò rí ìpéǹpéjú. Ọrùn, èjìká àti ẹsẹ̀ ló kù tí yóò fi sọ ọ́.

Akínkanjú_Ẹ̀kọ́

Àǹtí Tánwà, ṣé kò sí ẹni tó máa ń rán wọn létí ọ̀rọ̀ láti abẹ́ ìtàgé ni? Mo ti kà á pé ní Mẹ́síkò àtijọ́, ihò kan wà níwájú ìtàgé fún un.

Tánwà_Ìtàgé

Ó wà lóòótọ́, àṣà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì ni. Ìdí ni pé ẹgbẹ́ òṣèré ń pààrọ̀ eré lemọ́lemọ́, kò sẹ́ni tó lè há gbogbo rẹ̀ sórí. Àléébù rẹ̀ ni pé òṣèré á máa fà sún mọ́ ihò náà, ọ̀rọ̀ á máa dún lẹ́ẹ̀mejì, ti abẹ́lẹ̀ ṣíwájú ti òkè. Àwọn ọ̀dọ́ inú Teatro Ulises, ẹgbẹ́ eré kan ní Mexico City, ní 1928 wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́. Salvador Novo akéwì wà nínú wọn, òun náà ló sì padà wá ń túmọ̀ eré fún Dolores.

Nílé, El abanico de Lady Windermere, eré Oscar Wilde, ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ẹ ṣàkíyèsí: ó ti ṣe ìtàn kan náà nínú fíìmù ní Argentina ní 1948, nítorí náà ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó dúró níwájú àwọn ará Mexico City. Lewis Riley, ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ ní 1959, ni wọ́n jọ ń gbé eré náà jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wá gun igi tó ga: Espectros ti Ibsen, òǹkọ̀wé eré ará Norway, ní 1962, Querido embustero ní 1963, La reina y los rebeldes ní 1967, La dama de las camelias ní 1968.

Querido embustero ni mo máa yàn bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan. Òṣèré méjì péré, lẹ́tà ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí. La dama de las camelias kò yé mi. Ọ̀dọ́bìnrin ni akọni inú ìtàn yẹn, Dolores sì ti ń lọ sí ọdún 64. Ẹwà rẹ̀ gbà á láyè, ìtàn náà kò gbà á láyè. Ṣùgbọ́n àwọn èrò ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá wò ó, ìyẹn náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ gbé eré jáde.

Nítorí náà, Ọmọ_Alárìnjó, ìdáhùn mi: kò pẹ́ torí ẹ̀rù. Ìtàgé ń béèrè èdè. Láti ọmọ ọdún 21 títí dé nǹkan bí 38, ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ èdè mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó padà sílé, fíìmù ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ìgbà tí ipa fún obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún wá ń wọ́n nínú fíìmù ló ráyè.

Àǹtí_Sinimá

Mo fara mọ́ ọn, àyàfi pé fíìmù kò dá a dúró pátápátá. Ó wà nínú La Cucaracha, 1959, òun àti María Félix. Àwọn tó ń retí pé wọ́n á fa irun ara wọn tu nídìí iṣẹ́ kò rí nǹkan kan. Ó ṣe ìyá Elvis Presley nínú Flaming Star ní 1960, obìnrin ẹ̀yà Kiowa. Ọmọ ogun ọdún ó lé ló bá a ṣiṣẹ́, ẹni tí kò tíì sí láyé nígbà tí òun ti ń dúró níwájú kámẹ́rà. Ó ṣiṣẹ́ fún olùdarí John Ford lẹ́ẹ̀mejì, The Fugitive ní 1947 àti Cheyenne Autumn ní 1964. Èyí tó kẹ́yìn ni The Children of Sanchez, 1978.

Ohun tí àwọn òṣèré Mẹ́síkò fi ń rántí rẹ̀ lóde òní tún yàtọ̀ sí fíìmù. Ní 1970, ó dá ilé ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, ANDA. Òṣèré ìtàgé máa ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, ti fíìmù máa ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé ìtọ́jú ọmọ tó ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ kò wúlò fún wọn. Ó ń bójú tó o títí ara kò fi gbé e mọ́. Newport Beach ní California ló kú sí, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1983, ẹni ọdún 78. Mexico City ni wọ́n gbé eérú rẹ̀ sí.

Ọmọ_Alárìnjó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Mẹ́rin péré.

BàbáKámẹ́rà

Flying Down to Rio ní kí ẹ fi ṣí i, ìṣẹ́jú 89 ni, ẹ ó rí ohun tí Hollywood fẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà María Candelaria, kí ẹ rí ohun tí wọ́n kò rí. La otra nìkẹta, fún iṣẹ́ ìbejì. Doña Perfecta nìkẹrin.

Tánwà_Ìtàgé

Mo fọwọ́ sí Doña Perfecta, 1951. A kò lè gbé ìtàgé wá sílé, ṣùgbọ́n nínú fíìmù yẹn ẹ ó ti rí bó ṣe máa dúró bó bá dé ibẹ̀: aṣọ dúdú, ẹ̀yìn gbọọrọ, ohùn tó lọ sílẹ̀ dípò kó ga nígbà tó bá ń bínú.

BàbáKámẹ́rà

Ìkìlọ̀ nípa ẹ̀dà. Bí ẹ bá ń wá a lórí YouTube, ẹ tẹ orúkọ fíìmù pẹ̀lú ọdún àti orúkọ olùdarí, torí María Candelaria àti La otra pọ̀ ní oríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n pè ní Portrait of Maria, María Candelaria kan náà ni, orúkọ tí wọ́n fi gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ni. Ẹ yan èyí tí ohùn Sípéènì wà nínú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ máa túmọ̀ fún yín. Ẹ̀dà tí ojú ọ̀run rẹ̀ funfun láúláú, tí ìkùukùu kò hàn, àdàkọ àdàkọ ni, ẹ fi sílẹ̀. Fún àwọn fíìmù aláìsọ̀rọ̀, bí ẹ bá rí i tí àwọn èèyàn ń rìn bí ẹni tí ajá ń lé, ẹni tó gbé e sórí ayélujára ló yí i yára jù; ẹ lọ sí ibi ìyára nínú YouTube, ẹ mú un wá sí 0.75, kí ẹ sì pa dùùrù tí wọ́n fi sí i.